Kábọrọ́ńdọ̀mù le ju irin lọ, síbẹ̀ irin ló ń jẹ ẹ́

Péńtà ọkọ̀ mọ̀ ọ́n: pépà dúdú tí wọ́n ń rẹ sómi kí wọ́n tó fi ha ara mọ́tò. Àwọn tó ń dán ilẹ̀ tẹ̀rásò náà mọ̀ ọ́n: òkúta tí wọ́n ń dè mọ́ abẹ́ ẹ̀rọ, tó ń yí lórí ilẹ̀ títí ilẹ̀ ó fi máa kọ mọ̀nà. Sílíkọ́nì kábáìdì lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé, SiC ni ìkékúrú rẹ̀, kábọrọ́ńdọ̀mù sì ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń pè é. Òun náà ló wà nínú síìlì pọ́ǹpù omi, nínú ọ̀pá tó ń mú iléru oníná gbóná, nínú ínfátà sólà, àti nínú òrùka tí wọ́n ń tà fún ẹni tí apá rẹ̀ kò ká owó dáyámọ́ńdì.

Bí ẹ bá bi ẹni tó ń tà á léèrè ohun tó dára nínú rẹ̀, "ó le" ni yóò kọ́kọ́ sọ. Ó le lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó bá fara kàn án nígbà tó gbóná ni kí ẹ máa wò kí ẹ tó náwó: ṣé irin ni, ṣé sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ ni, àbí afẹ́fẹ́ tí ọ́síjìn rẹ̀ kò tó? Àwọn mẹ́ta yìí ló ń pa á, bó ti wù kó le tó.

Iyanrìn àti èédú

Ní 1891, ní ìlú Monongahela ní Pennsylvania, Edward Acheson po amọ̀ mọ́ kóòkù lílọ̀ nínú abọ́ irin, ó ki ọ̀pá kábọ́nì bọ àárín rẹ̀, ó sì fi iná mànàmáná ránṣẹ́ gbà á kọjá. Dáyámọ́ńdì ló ń wá. Ohun tó bá lára ọ̀pá náà ni àwọn hóró kéékèèké tó ń dán, tó sì ń ha gíláàsì. Ó rò pé kábọ́nì ló di mọ́ kọ̀rọ́ńdọ̀mù, ìyẹn òkúta alumínà, ibẹ̀ lorúkọ kábọrọ́ńdọ̀mù ti wá. Àṣìṣe ni, nítorí kò sí alumínà nínú rẹ̀ rárá, àmọ́ orúkọ náà ti mọ́ aráyé lẹ́nu. Ó gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1893, nígbà tó sì di 1895 ó kó iṣẹ́ náà lọ sí Niagara Falls, níbi tí iná ti pọ̀ tó sì rọjú.

Ìlànà rẹ̀ ni wọ́n ṣì ń tẹ̀ lé di òní. Ẹ kó 60 kg iyanrìn funfun tó mọ́, ẹ fi 36 kg kábọ́nì sí i (kóòkù ni wọ́n sábà ń lò, ìyẹn gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ epo rọ̀bì tí wọ́n sun títí tó fi ku kábọ́nì). Bí gbogbo rẹ̀ bá jóná pé pérépéré, 40 kg SiC lẹ máa kó jáde. 56 kg tó kù ti di gáàsì kábọ́nì mọnọ́sáìdì, irú èyí tó wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń pa ènìyàn sójú oorun. Ohun tó bá afẹ́fẹ́ lọ pọ̀ ju ohun tí ẹ rí kó lọ, ìdí sì nìyẹn tí iná fi máa ń jó lórí òkìtì náà látòkè délẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ.

Iléru náà kò ní ìlérí lójú. Ọpọ́n gígùn tí wọ́n fi bíríkì kọ́ ni, ọ̀pá gráfáìtì dùbúlẹ̀ sí àárín rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, wọ́n sì wọ́ iyanrìn àti kóòkù bò ó. Àárín máa ń kọjá 2,500°C, ẹ̀gbẹ́ kò ní tó bẹ́ẹ̀. Iná á wà lórí rẹ̀ fún bí ọjọ́ kan àbọ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó tutù. Kílò kan ń jẹ tó kílówáàtì-wákàtí 6 sí 12. Ibi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ kọ́ lẹ máa kọ́ irú iléru bẹ́ẹ̀ sí.

Wàhálà tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ ni gáàsì tí kò rí ọ̀nà jáde. Bí èèpá bá dì sórí òkìtì, gáàsì á kó jọ sábẹ́ rẹ̀, á wá bẹ́ lójijì, á sì tu ohun tó ń jó yòò dànù sí ẹni tó dúró tì í. Láyé àtijọ́ wọ́n máa ń po ìyẹ̀fun pákó mọ́ ọn kó lè jóná kó fi ihò sílẹ̀, wọ́n tún máa ń fi iyọ̀ sí i kí irin àti alumíníọ̀mù tó bá wà nínú iyanrìn lè bá oorú lọ. Iṣẹ́ eléruku ni pẹ̀lú: àjọ IARC tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ti ka iṣẹ́ ìdí iléru Acheson mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn.

Bí wọ́n bá fọ́ ọ, ìpele ìpele ló jẹ́ bí àlùbọ́sà. Gráfáìtì ló wà láàárín. Èyí tó yí i ká ni àwọn kírísítálì ńláńlá, pẹlẹbẹ, ẹnu wọn mú bí abẹ, tí wọ́n ń dán láwọ̀ búlúù, elésè àlùkò àti wúrà bí ọrùn ẹyẹlé. Àwọ̀ yẹn kì í ṣe ti SiC fúnra rẹ̀. Èèpo sílíkà fẹ́lẹ́ tó bò ó lójú ló ń tàn bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí epo ṣe ń tàn lójú omi ẹ̀gbin. SiC tó mọ́ gaara kò láwọ̀. Náítírójìn ló ń sọ ọ́ di àwọ̀ ewé, alumíníọ̀mù àti irin ló sì ń sọ ọ́ di dúdú. Lẹ́yìn kírísítálì ni èyí tó rí wẹ́wẹ́, tí àwọn tó ń da irin ń rà láti fi kún irin dídà. Iyanrìn tí iná kò ràn ló wà níta pátápátá, wọ́n á dá a padà sínú iléru.

Ohun tó mú un yàtọ̀

Átọ́ọ̀mù sílíkọ́nì kọ̀ọ̀kan di kábọ́nì mẹ́rin mú, kábọ́nì kọ̀ọ̀kan náà di sílíkọ́nì mẹ́rin mú, ìdè náà kúrú, ó sì lágbára. Gbogbo ìwà rẹ̀ tó kù, ibẹ̀ ló ti wá. Lórí òṣùwọ̀n líle Mohs, ó wà láàárín 9 sí 9.5, dáyámọ́ńdì sì jẹ́ 10. Kò wúwo: 3.21 giráàmù ni sẹ̀ǹtímítà oníhà mẹ́ta kan, irin sì tó 7.85. Kì í yọ́ lábẹ́ afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú. Tó bá tó bí 2,700°C, ńṣe ló ń túká, sílíkọ́nì á fò lọ, kábọ́nì á ṣẹ́ kù, ìyẹn ni gráfáìtì tó wà láàárín iléru lókè yẹn.

Bí ìgbóná bá fi 1°C lé sí i, mílíọ̀nù mítà rẹ̀ kan yóò gùn sí i ní mítà 4 péré, irin á gùn ní 12, alumínà ní 8. Ó sì ń gbé ooru kọjá ju irin lásán lọ. Ẹ pa méjèèjì pọ̀, ẹ máa rí ìdí tí ẹ fi lè yọ ọ́ nínú iná kó má sán bí àwo tángaran. Ìwà kan náà ló jẹ́ kí wọ́n fi ṣe jígí awò awọ̀jìnnà Herschel tí àwọn ará Yúróòpù fi ránṣẹ́ sójú ọ̀run ní 2009: mítà 3.5 ni fífẹ̀ rẹ̀, ègé 12 ni wọ́n jó pọ̀.

Gbígbé ooru yìí ló ń tan àwọn olówò òrùka jẹ. Ẹ̀rọ kékeré onímú ṣóńṣó tí wọ́n fi ń dán dáyámọ́ńdì wò, bí òkúta ṣe ń fa ooru ló ń wọ̀n, SiC náà sì ń fa ooru dáadáa, ẹ̀rọ á ní dáyámọ́ńdì ni. Mọ́ísánáìtì ni wọ́n ń pe SiC tí wọ́n fi ṣe òrùka, nítorí Henri Moissan ló rí i ní 1893 nínú òkúta tó já látojú ọ̀run sí Arizona. Ojú ni kí ẹ fi mọ̀ ọ́n. Ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá lọ́nà mẹ́wàá wò ó, ẹ má wò ó tààrà láti orí, ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kí ẹ wo etí àwọn ojú tó wà lábẹ́. Lára dáyámọ́ńdì, ìlà kan ni ìlà kan. Lára mọ́ísánáìtì, ìlà kọ̀ọ̀kan di ìbejì.

Àbùkù rẹ̀ tóbi o. Ó le, àmọ́ kò yi. Kò mọ títẹ̀, fífọ́ ló mọ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ fi ṣe níbi tí òòlù ti ń balẹ̀, ẹ tún un rò.

Lílọ̀ àti híha

Alumínà kò le tó SiC, síbẹ̀ alumínà ni wọ́n ń fi lọ irin sítíìlì. Kí ló dé? Lẹ́nu ibi tí díìsì ti ń kan irin, hóró rẹ̀ ń gbóná dé ibi tí irin á ti máa fa kábọ́nì àti sílíkọ́nì mọ́ra. Irin fẹ́ràn kábọ́nì, òun ló kúkú ń sọ ọ́ di sítíìlì. Ẹnu hóró á yọ́ wọ inú irin, á kú, díìsì á wá máa yọ̀ lásán, á máa jó irin di búlúù. Irin tí wọ́n dà, ìyẹn cast iron, ti ní kábọ́nì tó pọ̀ nínú tẹ́lẹ̀, kì í fà á tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí SiC fi bá a lọ. Ó tún bá idẹ, bàbà, alumíníọ̀mù, òkúta, kọnkéré, táìlì àti rọ́bà lọ. Ti aláwọ̀ ewé ń gé dáadáa ju dúdú lọ nítorí pé ó mọ́ jù, ó sì tètè ń ṣẹ́ láti yọ ẹnu tuntun. Òun ni kí ẹ fi pọ́n ẹnu irinṣẹ́ tọ́nsítìn kábáìdì.

Ẹ má fi àwọ̀ ra díìsì. Ọ̀pọ̀ díìsì dúdú ni alumínà, gọ́ọ̀mù tó dì í pọ̀ ló dúdú. Ẹ ka lẹ́tà rẹ̀: A tàbí WA ni alumínà, C ni SiC dúdú, GC ni aláwọ̀ ewé. Bí ẹ bá rí "C 24 R BF", C ni ohun tó jẹ́, 24 ni nọ́ńbà hóró (bó ṣe kéré ni hóró ṣe tóbi), R ni bí ó ṣe dì pinpin tó, BF sì ni gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi okùn gíláàsì fún lágbára. Òrùka irin àárín rẹ̀ máa ń ní oṣù àti ọdún tó máa lò dà, ọdún mẹ́ta ni látìgbà tí wọ́n ṣe é, torí ọ̀rinrin ń jẹ gọ́ọ̀mù náà díẹ̀díẹ̀.

Mítà 80 ní ìṣẹ́jú-àáyá ni òpin eré etí díìsì wọ̀nyí. Fún díìsì 115 mm, ìyẹn jẹ́ ìyípo 13,300 ní ìṣẹ́jú kan, fún 230 mm, 6,650 péré. Àwọn kan máa ń ṣí ìdáàbòbò ẹ̀rọ kékeré tó ń yí 11,000, wọ́n á wá fi díìsì 230 há a lẹ́nu. Etí díìsì yẹn ti ń sá tó mítà 132. Agbára tó fẹ́ fà á ya ti di ìlọ́po 2.7 ti òpin rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ tí kò tíì fara pa, díìsì ló ṣàánú rẹ̀.

Ti pépà, ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà máa gòkè ní ẹsẹẹsẹ. Hóró P80 tóbi tó máíkírónì 201 (máíkírónì kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mítà), P180 jẹ́ 82, P320 jẹ́ 46, P600 jẹ́ 26, P2000 jẹ́ 10. Ojú ọgbẹ́ tí P80 bá dá sára bọ́dì fílà (ohun tí wọ́n fi ń dí ibi tó tẹ̀ lára mọ́tò), P600 kò lè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó lè dà bíi pé ó ti lọ ní ọjọ́ tí ẹ kùn ún, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ọ̀dà bá ti gbẹ wọlẹ̀, ìlà á jáde. Kí ẹ fi P80, P180 àti P320 ha fílà ní gbígbẹ. Fílà ń mu omi, omi tó bá mu á padà fẹ́ ọ̀dà sókè bí ìléròrò. Ó di orí práímà, ọ̀dà ìpìlẹ̀, kí ẹ tó máa lo omi. Omi ń wẹ ìyẹ̀fun kúrò lẹ́nu hóró, bí kò bá sí i, ìyẹ̀fun á di i, pépà á máa yọ̀.

Ti tẹ̀rásò kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀: òkúta nọ́ńbà 36 tàbí 60 ló ń ṣáájú, ẹ wá fi símẹ́ǹtì aláwọ̀ kan náà dí àwọn ihò wẹ́wẹ́, ẹ jẹ́ kó dì dáadáa, kí ẹ tó kan 80, kí ẹ tó kan 120 sókè. Bí ẹ bá tètè gbé ẹ̀rọ lé e, òkúta wẹ́wẹ́ á máa tu. Omi kò gbọ̀dọ̀ dá, nítorí eruku òkúta àti símẹ́ǹtì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ ju ti kábọrọ́ńdọ̀mù lọ. Ẹ má sì da ẹrẹ̀ rẹ̀ sójú gọ́tà, ó máa dì síbẹ̀.

Síìlì pọ́ǹpù

Òrùka méjì tó fojú kojú ni: ọ̀kan dúró, ọ̀kan ń bá ṣáàfù yí, omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì wà láàárín wọn. Nínú pọ́ǹpù tó wọ́n lówó díẹ̀, òrùka kan jẹ́ kábọ́nì dúdú, èkejì jẹ́ alumínà funfun. Kò burú, títí di ọjọ́ tí omi tán nínú táńkì tí pọ́ǹpù ń yí ní gbígbẹ. Alumínà á gbóná, omi tútù á dé lójijì, á sán. SiC kì í sán bẹ́ẹ̀. Ẹ máa mọ̀ ọ́n: ó dúdú bí eérú tútù, ojú rẹ̀ ń dán bíi jígí, ó sì tutù lọ́wọ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Bí bọ́họ̀ọ̀lù bá ń fa iyanrìn, ẹ fi SiC kojú SiC, torí iyanrìn á ha kábọ́nì di yẹ́pẹ́. Àmọ́ méjèèjì tó jẹ́ SiC kò fẹ́ rí gbígbẹ rárá. Kò sí kábọ́nì tó máa ṣe bí epo láàárín wọn, wọ́n á han, wọ́n á gbóná, etí wọn á máa rún láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Súwíìṣì tó ń pa pọ́ǹpù nígbà tí omi bá tán ni kí ẹ kọ́kọ́ rà.

Tí ẹ bá ń fi í sí i, ẹ má fi ìka kan ojú òrùka. Títẹ́jú ojú yẹn kò kọjá nǹkan bíi 0.6 máíkírónì, irun orí kan nípọn jù ú lọ tó ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ọ̀rá ìka tàbí hóró eruku kan ti tó láti là wọ́n. Ẹ fi aṣọ tí kò ní ìhùùhù àti sípírítì nù ún. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi pa rọ́bà rẹ̀ kó lè wọlé, kì í ṣe gírísì, nítorí irú rọ́bà kan wà tí gírísì ń wú.

Àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Oríṣi SiC méjì ló wà lọ́jà. Èyí tí wọ́n kọ SiSiC tàbí RBSiC sí lára ní sílíkọ́nì tí kò di mọ́ nǹkan nínú, tó ìdá 8 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Sódà ń yọ́ sílíkọ́nì yẹn. Ojú síìlì á wá di oníhò bíi búrẹ́dì, SiC tó kù kò sì ní lè dá dúró. SSiC kò ní irú rẹ̀ nínú. Ó wọ́n jù, òun ni kí ẹ rà bí ó bá jẹ́ sódà ni pọ́ǹpù náà ń gbé. Ìyàtọ̀ kan náà ló wà nínú iná: SiSiC kò gbọdọ̀ kọjá bí 1,380°C, torí sílíkọ́nì inú rẹ̀ máa yọ́ ní 1,414°C.

Nínú iléru

Ọ̀pá SiC ń gbé ìgbóná dé bí 1,600°C nínú afẹ́fẹ́ gbangba, ibi tí wáyà nichrome ti yọ́ tipẹ́. Sílíkà tó ń dì sí i lára ló ń dáàbò bò ó. Níbi tí ọ́síjìn bá ti kéré jù, dípò kí sílíkà dì, gáàsì ló ń dà, ọ̀pá á sì máa tín-ín-rín. Oorú omi náà ń sọ ọ́ di arúgbó kíákíá.

Bí ó ṣe ń dàgbà ni ìdènà iná rẹ̀ ń lọ sókè, ó lè di ìlọ́po mẹ́ta kó tó kú. Ìyẹn túmọ̀ sí pé iná tó tó fún ọ̀pá tuntun kò ní tó fún un lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ nílò tíránsífọ́mà onípele tàbí táírísítọ̀ (ẹ̀rọ tó ń ṣàkóso ìwọ̀n iná) láti máa fi fóòtì kún un. Ẹ má po ogbó mọ́ tuntun. Bí wọ́n bá so wọ́n léra lẹ́sẹẹsẹ, èyí tí ìdènà rẹ̀ ga jù ló ń gba agbára jù, á tètè gbó, ìdènà rẹ̀ á tún ga sí i, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa kú. Bí wọ́n bá so wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, èyí tí ìdènà rẹ̀ kéré ló ń ṣiṣẹ́ jù, tó bá gbó díẹ̀ á bá àwọn yòókù dọ́gba. Ẹ má há wọn mọ́lẹ̀ gbọnyingbọnyin, ẹ fún wọn láàyè láti gùn.

Àwọn amọ̀kòkò ń lo pẹpẹ SiC nítorí kì í tẹ̀ kọdọrọ. Kí ẹ fi alumínà àti káólínì, ìdajì ìdajì, kùn ún lójú kí gíléèsì, ìyẹn ohun dídán tí wọ́n ń kùn sára ìkòkò, má baà jẹ ẹ́. Bí ó bá ti mu omi, ẹ yá a gbẹ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ 100°C, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ oorú á bẹ́ ẹ. Nínú iléru oníná, ẹ rántí pé ó ń gbé iná mànàmáná: pẹpẹ tó bá kan ọ̀pá iná ti di wáyà.

Ibi tí líle kò ti wúlò

Iṣẹ́ tó ń gbé orúkọ SiC kiri báyìí kò fẹ́ líle rẹ̀ rárá. Nínú ẹ̀rọ iná, bí ó ṣe ń dá fóòtì dúró ni wọ́n ń wá: ìnípọn tí sílíkọ́nì nílò láti dá 1200V dúró, SiC ń fi bí ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ ṣe é. Ohun tó tín-ín-rín kò dènà iná púpọ̀, ooru tó ń sọ nù á dín kù. Dáyóòdù Schottky rẹ̀ (dáyóòdù ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) dé ọjà ní 2001, MOSFET rẹ̀ (súwíìṣì tó ń tan iná tó ń pa á léraléra) ní bíi 2010 sí 2011, ilé iṣẹ́ Tesla sì fi sínú ọkọ̀ oníbátìrì rẹ̀ Model 3. Líle di wàhálà níbẹ̀, wáyà tí wọ́n fi dáyámọ́ńdì bò ni wọ́n fi ń gé e. Ọ̀wọ́n rẹ̀ ti ibòmíràn wá: oorú ni wọ́n ń fi tọ́ kírísítálì rẹ̀ ní ohun tó lé ní 2,000°C, ọ̀sẹ̀ kan kò lè fún wọn ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ, nígbà tí sílíkọ́nì ń gùn kọjá mítà kan láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Ẹ̀yin tó ń tún ínfátà ṣe, bí dáyóòdù tó jó bá ní C3D, C4D, IDH tàbí STPSC níbẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà rẹ̀, SiC ni. Ẹ má fi dáyóòdù sílíkọ́nì rọ́pò rẹ̀ torí pé fóòtì àti áńpìà wọn bára mu. Sílíkọ́nì kì í tètè ti ilẹ̀kùn nígbà tí iná bá yí padà, ìwọ̀nba iná tó bá padà sẹ́yìn, MOSFET tó wà níwájú rẹ̀ ló ń ru ú. Lórí tábìlì láìsí ẹrù, á ṣiṣẹ́ dáadáa. Tí oníbàárà bá gbé fíríìjì àti ẹ̀rọ omi lé e, ó máa jó, ti ọ̀tẹ̀ yìí á sì mú MOSFET dání.

MOSFET SiC fúnra rẹ̀ ń fẹ́ 15V sí 20V ní ẹnu géètì, ẹsẹ̀ tó ń pàṣẹ fún un kó ṣí tàbí kó tì. Tí ẹ bá fún un ní 10V, ìdajì ló ṣí, á máa gbóná. −15V tí wọ́n fi ń pa àwọn IGBT kan (súwíìṣì sílíkọ́nì) lè ba géètì rẹ̀ jẹ́, ẹ yẹ ìwé rẹ̀ wò, ọ̀pọ̀ kò fẹ́ kọjá −8V tàbí −10V. Bí wáyà bá kan ara wọn lẹ́nu ínfátà, IGBT lè fara dà á fún ìdá mẹ́wàá nínú mílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú-àáyá, ìyẹn máíkírósẹ́kọ́ńdì 10. SiC kì í sábà kọjá 2 tàbí 3. Bí ààbò tí ẹ ní kò bá yára tó ìyẹn, fíúsì kò ní gbà á là.